Fìlà oòrùn fún Màmá tàbí Bàbá: kí ni ká wò gan-an ká tó rà á?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ fìlà oòrùn yìí dáadáa, torí ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ẹni tó bá ní ìyá tàbí bàbá tó ti dàgbà, tí wọ́n ṣì ń lọ sọ́jà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta níbí fúnra wọn, tàbí tí wọ́n ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Lafẹ́nwá látàárọ̀ dalẹ́, tó wá ní òun fẹ́ ra fìlà tó máa gbà wọ́n lọ́wọ́ oòrùn, tó bá fi lè ṣí fóònù ẹ̀ wò, nǹkan tó máa rí níbẹ̀ á pọ̀ débi pé á sú u. Òmíì á ní UPF 50+, òmíì á kọ SPF, òmíì ní ihò lára kí atẹ́gùn lè wọlé, òmíì ní aṣọ tó bo ọrùn lẹ́yìn, òmíì gbòòrò débi pé ó fẹ́ẹ̀ tó agbòòrùn, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé àwọn làwọn dáa jù. Bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n ń tà lójú títì ní Pansẹ́kẹ ò kọ nǹkan kan sára.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé fìlà tó dáa fún àgbàlagbà ni èyí tí òjìji ẹ̀ bo ojú, etí àti ọrùn wọn, tí wọ́n sì máa gbà láti dé láti ìgbà tí wọ́n bá ti jáde nílé títí wọ́n á fi padà wọlé. Gbogbo nǹkan yòókù, títí kan orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti iye tí wọ́n ń tà á, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti UPF kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń rú èèyàn lójú jù. Nínú oòrùn, yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ tá à ń fojú rí àti ooru tó ń ta wá lára, ìtànṣán kan tún wà tí ojú ò lè rí, UV ni wọ́n ń pè é, òun ló ń jó awọ ara, òun náà ló sì ń ba ẹyinjú jẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. UPF jẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí aṣọ kan ṣe ń dí UV lọ́nà tó. Tí wọ́n bá kọ UPF 50 sára fìlà, ẹ pín UV tó bà lé aṣọ náà sọ́nà 50, ọ̀nà kan péré ló máa rí àyè kọjá, ìyẹn ìdá 2 nínú 100. Tó bá jẹ́ UPF 15, nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ló máa kọjá. Ọsirélíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ìlànà ìdíwọ̀n yìí kalẹ̀ lọ́dún 1996, torí oòrùn wọn le, àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, jẹjẹrẹ awọ ara sì ń bá wọn fínra gan-an. SPF ní tiẹ̀, ti kíríìmù tí wọ́n ń fi pa ara ni, kì í ṣe ti aṣọ, torí náà tẹ́ ẹ bá rí fìlà tí wọ́n kọ SPF sí, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn gba owó yín.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, aṣọ nìkan ni UPF ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Kò sọ bí fìlà ṣe rí, kò sọ ibi tó bò àti ibi tí kò bò. Fésìkáàpù lè ní UPF 50+ kí etí Bàbá méjèèjì pẹ̀lú ọrùn wọn ṣì wà nínú oòrùn ganrínganrín, nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe irọ́, ibi tó bò ni kò tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sọ nǹkan kan nípa ooru. Aṣọ lè dí UV pátápátá kó sì máa se orí èèyàn bíi pé wọ́n dé ìkòkò, pàápàá àwọn tí wọ́n fi rọ́bà tàbí náílọ́ọ̀nù tí kò gba atẹ́gùn ṣe. Nítorí náà tí wọ́n bá ti fi UPF polówó fìlà fún yín, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n tẹ̀ lé e ni pé, ìgbátí ẹ̀ fẹ̀ tó báwo?

Ìgbátí ni mò ń pe ibi tó yọ síta tó yí orí fìlà ká. Ohun táwọn tó mọ̀ nípa awọ ara sábà máa ń sọ ni pé kó má kéré sí ìǹṣì mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7.5, kó sì yí orí ká látiwájú dẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yẹn dáa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká mọ ìdí ẹ̀, torí oòrùn Abẹ́òkúta kì í ṣe oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá sì mọ ìdí ẹ̀ á lè fojú ara ẹ̀ yẹ fìlà wò láìjẹ́ pé ó ń ka lébẹ́ẹ̀lì.

Abẹ́òkúta wà ní nǹkan bíi dígírì 7 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Nítorí ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń wá dúró sórí wa tààrà lọ́sàn-án, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, tẹ́ ẹ bá jáde síta lásìkò yẹn, abẹ́ ẹsẹ̀ yín ni òjìji yín máa wà. Kódà nínú oṣù kejìlá tí oòrùn ti rọ̀ sí apá gúúsù jù lọ, ó ṣì ń gòkè tó dígírì 59 lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ dígírì 90 ni òkè orí tààrà. Ẹ tún wo èyí, kì í ṣe agogo méjìlá géérégé ni oòrùn ń ga jù níbí. Bí wọ́n ṣe ṣètò agogo ní Nàìjíríà, ó máa ń tó nǹkan bí agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dé téńté, oṣù míì á ṣáájú bẹ́ẹ̀ díẹ̀, oṣù míì á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹni tó bá wá ní kí Màmá dúró kí agogo méjìlá kọjá kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n fi agogo kan lọ, àárín ọwọ́ oòrùn gan-an ló rán wọn sí yẹn, agogo mẹ́rin ló yẹ kó ní kí wọ́n dúró dè.

Ẹ wá wo bí òjìji ìgbátí ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí oòrùn bá wà lágbedeméjì, ìyẹn nígbà tí òjìji èèyàn gùn tó èèyàn fúnra ẹ̀, ìgbátí ìǹṣì mẹ́ta á ju òjìji ìǹṣì mẹ́ta sísàlẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ó bo iwájú orí àti ẹyinjú, ó lè má dé ìsàlẹ̀ imú. Tí oòrùn bá tún gòkè, òjìji náà á gùn sísàlẹ̀ sí i, tó bá ti tó dígírì 60, ìǹṣì mẹ́ta yẹn á ti ju òjìji tó lé díẹ̀ ní ìǹṣì márùn-ún, á ti dé ẹnu, tó bá sì wà lókè orí tààrà, gbogbo ojú dé àgbọ̀n ló bò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìǹṣì mẹ́ta tó wa lọ́sàn-án níbí, kò sí ìdí láti máa wá èyí tó tó agbòòrùn. Ìǹṣì méjì ò tó, torí kódà lọ́sàn-án oṣù kejìlá kò ní dé ẹnu, etí á sì wà níta tí oòrùn bá ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ibi tí ìǹṣì mẹ́ta ti ń jáni kulẹ̀ ni àárọ̀ bí agogo mẹ́jọ àbọ̀, mẹ́sàn-án, àti ìrọ̀lẹ́ láti bí agogo mẹ́rin, nígbà tí oòrùn ti wálẹ̀ tó ń gba abẹ́ fìlà wọlé sójú. Nígbà yẹn UV ti dínkù, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn máa ń ta àgbàlagbà lójú ju ọ̀dọ́ lọ, pàápàá ẹni tí katarákítì ti ń mú, ìyẹn nǹkan bí ìkùukùu tó ń bo ojú, ìmọ́lẹ̀ á kàn tú ká sójú wọn ni, wọn ò ní rí kòtò tó wà níwájú. Fìlà nìkan ò lè gbà wọ́n níbẹ̀ yẹn, jígí oòrùn ni kẹ́ ẹ fi kún un, èyí tí wọ́n bá kọ UV400 sára ẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń dí UV, tàbí kẹ́ ẹ kàn yí àga wọn padà kúrò lápá ibi tí oòrùn ti ń bọ̀, ìyẹn ò ná yín ní kọ́bọ̀.

Òjìji yìí náà ni agogo tó rọrùn jù fún wọn. Tí òjìji Màmá bá kúrú jù wọ́n lọ, UV ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn, kí wọ́n dé fìlà tàbí kí wọ́n wá ibòji. Ní Abẹ́òkúta ó máa ń bọ́ sí nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí agogo mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán, ó ń yàtọ̀ díẹ̀ láti oṣù sí oṣù. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn nọ́ńbà, ohun kan wà lórí fóònù níbi tí wọ́n ti ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí, UV index ni wọ́n ń pè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tó bá ti tó 3 kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo ara ẹ̀, 11 lọ sókè ni wọ́n kà sí èyí tó le jù, tiwa níbí lọ́sàn-án ọjọ́ tójú ọ̀run bá mọ́ kedere sì máa ń wọ inú 11 yẹn dáadáa. Ẹ má tìtorí pé ìkùukùu wà tàbí pé ọyẹ́ ń fẹ́ kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi fìlà sílẹ̀, ọyẹ́ ń mú kí ara tutù ni, UV ò bá òtútù lọ, bẹ́ẹ̀ ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń jẹ́ kí èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ kọjá.

Ó yá, aṣọ tí wọ́n fi ṣe é ńkọ́? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ tì í bọ inú fìlà, kẹ́ ẹ máa wò ó látìta. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ wínníwínní káàkiri ara ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni oòrùn á ṣe máa yọ sórí Bàbá. Tó bá jẹ́ pé ó kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ láti inú, tí ìmọ́lẹ̀ ò yọ wínníwínní, ó dáa. Ìdánwò yìí ò lè sọ iye UPF ẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí tó hun pọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó hun jàngánjàngán, kò sì sí ọlọ́jà tó máa bínú sí yín tẹ́ ẹ bá ṣe é. Akẹtẹ̀ tí wọ́n fi koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ hun ń gba atẹ́gùn dáadáa, ó fúyẹ́, orí ò ní gbóná, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ àwọn kan nínú wọn hun jàngánjàngán débi pé tẹ́ ẹ bá wo ojú ẹni tó dé e ẹ máa rí oòrùn tó to sójú ẹ̀ kélekèle. Ẹ wá èyí tó hun pọ̀, tàbí kẹ́ ẹ ní kí télọ̀ fi aṣọ fẹ́lẹ́ kan tẹ́ inú ẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tó jẹ́ pé bébà ni wọ́n lọ́ tó dà bíi koríko, òjò kan péré tó bá pa á, ó tán.

Ti àwọ̀, ẹnu kò kò lórí ẹ̀ láàárín àwọn èèyàn, àwọn kan ní funfun, àwọn kan ní dúdú. Àwọn méjèèjì ló ní ibi tí wọ́n ti tọ́. Aṣọ tó pọ́n tàbí tó dúdú sábà máa ń dí UV ju funfun lọ tó bá jẹ́ irú aṣọ kan náà ni wọ́n jọ jẹ́, àmọ́ dúdú máa ń fa ooru. Nítorí náà ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ìta fìlà jẹ́ àwọ̀ tó mọ́, bíi funfun, àwọ̀ iyanrìn tàbí búlúù fẹ́lẹ́, kó ní ìpele méjì kó má bàa ṣí oòrùn sílẹ̀, kí abẹ́ ìgbátí níbi tó kọjú sí ojú wọn wá jẹ́ dúdú tàbí àwọ̀ tó pọ́n. Oòrùn kì í wá látòkè nìkan, ó ń ta láti ara sìmẹ́ǹtì, iyanrìn àti páànù wá, tí abẹ́ ìgbátí bá funfun, á tún dá a padà sójú wọn. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú ilé tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí lọ́sàn-án á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tí wọn kì í kọ sára fìlà rárá, tó sì jẹ́ pé fún àgbàlagbà òun ló léwu jù, ìyẹn ìṣubú. Ìlú wa yìí, òkè àti àpáta ló pọ̀ níbẹ̀, àtẹ̀gùn wà, gọ́tà tí wọn ò bò wà, ọ̀kadà ń bọ̀ láti ọ̀nà tẹ́ ẹ ò rò. Ìgbátí tó fẹ̀ ju ìǹṣì mẹ́rin lọ, pàápàá èyí tó rọ̀ tó ń ṣubú wálẹ̀ sójú, á dí wọn lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lókè, Màmá ò ní rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún àfi tí wọ́n bá yí gbogbo orí, ẹni tí ọrùn ń dùn ò sì lè yí orí kíákíá bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìyá kan ní Adátán tí wọ́n ní láti fọwọ́ kan gbé ìgbátí sókè kí wọ́n tó lè sọdá títì, wọ́n sì fọwọ́ kejì di báàgì mú, ọwọ́ wo ló wá kù láti fi di nǹkan mú tí wọ́n bá kọsẹ̀? Nítorí náà kí ìgbátí le díẹ̀, kó dúró fúnra ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n dé e, kí wọ́n wo ọ̀tún, wo òsì, kí wọ́n wo iwájú ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n gòkè àtẹ̀gùn kan tàbí méjì pẹ̀lú ẹ̀. Tí wọ́n bá ní láti gbé orí sẹ́yìn kí wọ́n tó ríran, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Bó ṣe bá orí mu náà ṣe pàtàkì. Ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ fi yí orí wọn ká, kó gba òkè irun ojú, kó gba òkè etí díẹ̀, kó wá yí ìpàkọ́ níbi tó yọ jù. Orí àgbàlagbà tó pọ̀ jù máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 54 sí 62. Tó bá jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni ọmọ yín ti fẹ́ rà á ránṣẹ́, nọ́ńbà tiwọn yàtọ̀, èyí tí wọ́n bá kọ 7¼ sí, sẹ̀ǹtímítà 58 nìyẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé ni pé kì í ṣe orí lásán ni Màmá ń lọ síta pẹ̀lú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa ń wé ṣíkáàfù tàbí híjáàbù, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹ̀ lórí wọn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa ń di ṣùkú, ẹ wá èyí tí inú ẹ̀ jìn, tàbí kẹ́ ẹ lọ́ra rà á títí wọ́n á fi tú irun. Fìlà tó bá fún jù á fún wọn ní ẹ̀fọ́rí, ẹ dé e fún wọn nínú ilé fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, tẹ́ ẹ bá rí ìlà tó wọlé síwájú orí wọn, ó ti fún jù nìyẹn.

Okùn abẹ́ àgbọ̀n dáa, torí tí atẹ́gùn bá gbé fìlà lọ, àgbàlagbà á fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kí okùn náà jẹ́ èyí téèyàn lè fà kó tú fúnra ẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n so ní kókó tó máa fún wọn lọ́rùn tó bá há síbì kan. Àwọn kan ò fẹ́ okùn lábẹ́ àgbọ̀n rárá, ẹ lè mú un gba ẹ̀yìn orí, lábẹ́ ìpàkọ́, ó ń di fìlà mú náà. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí etí, kí ìgbátí má fara kàn án, torí á máa súfèé sí wọn létí, wọ́n á sì yọ ọ̀kan nínú méjèèjì kúrò, mo lérò pé fìlà ni wọ́n máa yọ. Tí wọ́n bá fẹ́ gun ọ̀kadà ńkọ́? Fìlà ò lè rọ́pò hẹ́límẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n ká fìlà sínú báàgì, torí náà èyí tó ṣeé ká láìbàjẹ́ ló dáa jù fún ẹni tó máa ń rìnrìn àjò.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan ń rò ó lọ́kàn pé Bàbá tiyín ní fìlà tó pọ̀ nílé, kí ni wọ́n fẹ́ fi òmíì ṣe. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wò ó, gọ̀bì ò ní ìgbátí, àtàrí ló bò. Abetí ajá sàn díẹ̀, torí wọ́n lè fa etí ẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ bo etí tiwọn, ṣùgbọ́n ojú àti imú ṣì wà níta. Gèlè Màmá náà, ó bo irun, ó lè bo etí, kò ṣe òjìji kankan fún ojú. Tí a bá ní ká sọ òótọ́, akẹtẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń dé lọ sóko ló sún mọ́ ohun tí à ń wá yìí jù, wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Kódà akẹtẹ̀ tí àwọn Fúlàní darandaran ń dé, tó rí ṣóńṣó lókè, òjìji ẹ̀ pọ̀, kò sì lẹ̀ mọ́ orí nítorí náà atẹ́gùn ń kọjá lábẹ́ ẹ̀, ibi tí kò ti bá àgbàlagbà ìgboro mu ni pé ó le gbagidi, kò ṣeé ká, kò ṣeé dé nínú ọkọ̀ tàbí nínú èrò.

Ọ̀rọ̀ iyì wà níbẹ̀ pẹ̀lú o, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Bàbá tó ti jẹ́ olóyè tàbí tó ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, tẹ́ ẹ bá gbé fìlà tó ní àwòrán bọ́ọ̀lù lára fún wọn, wọ́n á gbà á, wọ́n á ní ẹ ṣeun ọmọ mi, wọ́n á gbé e kọ́ sára ìṣó, ó parí. Màmá náà á ní òun kì í ṣe òyìnbó. Kì í ṣe agídí, ojú ayé ni wọ́n ń wò, wọ́n ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mú wọn dání lọ sọ́jà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn mú àwọ̀ tí wọ́n fẹ́, ẹ jẹ́ kó bá aṣọ tí wọ́n sábà máa ń wọ̀ mu. Tí kò bá ṣeé ṣe kí wọ́n lọ, ẹ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí Màmá bá mú èyí tí ìgbátí ẹ̀ jẹ́ ìǹṣì méjì àbọ̀ torí pé ó wù wọ́n, tí wọ́n sì máa dé e lójoojúmọ́, ó dáa ju ìǹṣì mẹ́rin tó ń gba eruku lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ fíìfíì.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé awọ dúdú nílò gbogbo èyí ni. Ìbéèrè gidi ni. Dúdú ara wa ń dáàbò bò wá dé ìwọ̀n kan, jẹjẹrẹ awọ ara ò wọ́pọ̀ láàárín wa bíi ti aláwọ̀ funfun, nígbà tó bá sì ṣẹlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí abẹ́ èékánná ló sábà máa ń wà, níbi tí oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ dé. Nítorí náà mi ò ní fi jẹjẹrẹ dẹ́rù bà yín kẹ́ ẹ lè ra fìlà. Ohun tí fìlà ń ṣe fún àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ni pé ó ń ṣọ́ ojú, torí UV wà lára ohun tó ń fa katarákítì àti ẹran tó máa ń hù láti igun ojú wá sórí ẹyinjú, ó ń gba àtàrí tí irun ti pá lọ́wọ́ jíjó, ó sì ń dín ooru tó ń wọ orí kù. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé àfín ni Màmá tàbí Bàbá yín, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Jẹjẹrẹ awọ ara ń pa àfín ní ilẹ̀ Áfíríkà, orí, ojú, etí àti ọrùn ló sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Fún wọn, ìgbátí ìǹṣì mẹ́ta kì í ṣe àbá, dandan ni, kó hun pọ̀, kí aṣọ bo ọrùn lẹ́yìn, kí aṣọ tí wọ́n wọ̀ ní apá gígùn, kí wọ́n fi kíríìmù oòrùn kún un níbi tí aṣọ ò bò, tẹ́ ẹ bá sì rí egbò kan lára wọn tí kò jiná láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà awọ ara, ẹ má fi àgbo pa á.

Oògùn náà wà níbẹ̀. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú kí wọ́n máa tọ̀, bíi hydrochlorothiazide, lè jẹ́ kí awọ ara tètè jó nínú oòrùn, doxycycline náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má ṣe tìtorí ẹ̀ dá oògùn dúró o, kẹ́ ẹ kàn bi dọ́kítà tàbí ẹni tó ń ta oògùn bóyá èyí tí wọ́n ń lò wà lára wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí fìlà tàn yín jẹ lórí ọ̀rọ̀ ooru. Ara àgbàlagbà kì í làágùn bíi tàtẹ̀yìnwá, òùngbẹ kì í tètè gbẹ wọ́n bó tiẹ̀ jẹ́ pé omi ti dínkù lára wọn, oògùn tó ń mú wọn tọ̀ á tún fi kún un. Fìlà tó dáa jù láyé ò lè gba ẹni tó jókòó sójú oòrùn fún wákàtí mẹ́rin láìmu omi. Tí wọ́n bá wà níbi ìnáwó tàbí ayẹyẹ Lísàbí, ẹ wá àga fún wọn lábẹ́ kánópì, ẹ máa gbé omi lọ bá wọn láìdúró kí wọ́n béèrè, tí wọ́n bá sì ti wà ní ibòji kí wọ́n ṣí fìlà kí orí gba atẹ́gùn. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, pé ara wọn gbóná janjan, pé wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ yára gbé wọn kúrò lóòrùn, ẹ da omi tútù sí wọn lára, ẹ máa fẹ́ wọn, kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, tí wọn ò bá mọ ibi tí wọ́n wà, ẹ má fún wọn ní omi mu lẹ́nu.

Tẹ́ ẹ bá wá wá a títí tẹ́ ẹ ò rí èyí tó bá orí wọn mu, ẹ jẹ́ kí wọ́n rán an. Mo fẹ́ràn èyí jù, torí pé a wà ní Abẹ́òkúta, Ìtòkú ò jìnnà, àdìrẹ wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, Màmá tó sì kọ fìlà òyìnbó lè máà kọ fìlà àdìrẹ. Ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún télọ̀ ni pé kó jẹ́ ìpele méjì, torí àdìrẹ ìpele kan fẹ́lẹ́ jù, kó lo aṣọ òwú tó mọ́ fún ìta tàbí kó yan àdìrẹ tí àwọ̀ ẹ̀ fẹ́lẹ́, kó fi èyí tó dúdú sábẹ́ ìgbátí. Kó fi sítéè tó le sínú ìgbátí kó lè dúró, kó jẹ́ èyí tó ṣeé fọ̀. Ìgbátí, ìǹṣì mẹ́ta níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè fi ìdajì ìǹṣì kún un lẹ́yìn nítorí ọrùn, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ torí á máa kan ẹ̀yìn àga tí wọ́n bá jókòó sínú mọ́tò. Kó lu ihò kéékèèké méjì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lókè etí, kì í ṣe lórí àtàrí. Kó rán aṣọ òwú rírọ̀ yí inú ẹ̀ ká níbi tó kan iwájú orí kó lè máa gba òógùn, kó sì fi okùn sí i. Kí télọ̀ tó gé àdìrẹ yẹn rárá, ẹ fọ̀ ọ́ nílé títí omi ẹ̀ á fi mọ́, torí tí aró bá ṣì wà lára ẹ̀, ọjọ́ tí Màmá bá kọ́kọ́ làágùn nínú ẹ̀ ni iwájú orí wọn máa di búlúù, wọn ò sì ní dé e mọ́.